Ibi Tí Ojú Dúró Sí: Ọjọ́ Mẹ́jọ Láàárín Àwòrán àti Ilé ní Ítálì

Ọjọ́ kìn-ín-ní, Ìṣẹ́gun. Florence

Àbúrò mi ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin kí ọkọ̀ tó gbé mi láti Róòmù tó wọlé. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti rí ara wa kẹ́yìn. Láàárín èrò yẹn náà ló ti dọ̀bálẹ̀, mo fà á dìde, omi kún ojú mi. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ nílé, òun náà ló ṣì ń ṣe ní Brescia níbi tó ń gbé. Ní tèmi, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ya púláànù ilé ní Ìbàdàn. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé ọjọ́ tí mo bá rí owó ọkọ̀, màá wá fi ojú ara mi rí ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Lédè wa, ayàwòrán ni ẹni tó ń ya ojú èèyàn sára pátákó, ayàwòrán náà ni ẹni tó ń ya ilé. Àfi ká fi "ilé" kún ti èkejì ká tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ní Florence, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan náà lóòótọ́, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ṣì wà lórí tábìlì mi títí dòní. Perspective làwa oníṣẹ́ ń pè é: bí a ṣe ń fi ìlà ya ilé sórí bébà tí apá tó jìnnà á fi kéré, tí apá tó súnmọ́ á fi tóbi, tí gbogbo ìlà tó ń wọnú lọ á fi forí lé ojú kan ṣoṣo.

A ju ẹrù sílẹ̀, a gba ọ̀nà Santa Maria del Fiore, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Gbogbo ayé ń wòkè, torí òkè ni òrùlé róbótó tí Brunelleschi kọ́ láàárín 1420 sí 1436 wà. Èmi lọ sẹ́nu ọ̀nà àárín, mo kẹ̀yìn sí i, mo wo Baptistery, ilé ìrìbọmi tó dojú kọ ọ́: ilé onígun mẹ́jọ, mábù funfun àti mábù aláwọ̀ ewé. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Filippo Brunelleschi, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, dúró sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó wọnú ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó sì ya Baptistery náà sórí pátákó kékeré tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ó wá dá ihò sí pátákó yẹn. Lójú àwòrán, ihò náà kò ju ẹyọ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan lọ. Lẹ́yìn, ó fẹ̀ jáde bí fìlà koríko tí obìnrin ń dé. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á gbé ojú lé ẹ̀yìn pátákó, á fi ọwọ́ kejì na dígí síwájú, á wá máa ti ojú ihò wo àwòrán náà nínú dígí. Tó bá sọ dígí kalẹ̀, Baptistery gan-an ló máa rí. Tó bá gbé e padà, àwòrán ni. Kò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Brunelleschi kò kun ojú ọ̀run rárá. Fàdákà dídán ló fi síbẹ̀, kí ìkuukùu gidi lè máa rìn kọjá nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbé e.

Pátákó náà ti sọnù tipẹ́. Antonio Manetti, tó kọ ìtàn ayé Brunelleschi, ló jẹ́rìí pé òun ti fọwọ́ ara òun dì í mú, àní lọ́pọ̀ ìgbà.

Ihò yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Gbogbo àwòrán tó ti wà ṣáájú, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè dúró sí wò ó. Èyí ní, rárá, ibí ni wàá dúró. Mo dúró síbẹ̀ títí tí àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò fi ní kí n dákun sún díẹ̀.

Lálẹ́, oníbàárà mi kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Ó fẹ́ perspective ilé tó fẹ́ kọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ dán, kí n yà á láti ẹnu géètì, torí ó fẹ́ fi han àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní púláànù lè dúró ná. N kò tíì dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú. Santa Maria Novella

Inú ìwé tó ṣeé há sí abíyá ni mo ti mọ àwòrán Mẹ́talọ́kan tí Masaccio yà. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀ pé ó ga ju mítà mẹ́fà àbọ̀ lọ. Ògiri òsì ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Novella ló wà, ògiri tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n yàrá kan tó wọnú lọ ni ojú mi rí: òpó níwájú, òrùlé lókè tó tẹ̀ bí àgbá tí a là sí méjì tí a dojú ìdajì rẹ̀ dé, tí inú rẹ̀ pín sí àpótí àpótí. Jésù wà lórí àgbélébùú, Ọlọ́run Baba dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi náà ró. Màríà àti Jòhánù wà lẹ́sẹ̀ àgbélébùú. Tọkọtaya kan kúnlẹ̀ síta yàrá náà, bíi pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, egungun òkú nà gbalaja lórí ibojì, ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ sì ń sọ pé: ohun tí ẹ jẹ́ lèmi náà ti jẹ́ rí, ohun tí mo wá jẹ́ yìí lẹ máa dà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Bí mo ṣe ń lọ sẹ́yìn ni òrùlé náà ń ṣí. Níbì kan láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí tán pátá. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan, ó fẹ́ padà dé. Mo yára padà síbi tó ti ṣí, n kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí gbogbo ìlà òrùlé yẹn ń sáré lọ kò sí lókè lọ́dọ̀ Jésù. Ìsàlẹ̀ ni, lẹ́sẹ̀ àgbélébùú, ní ìwọ̀n ojú èèyàn tó dúró lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìṣó yẹn ni wọ́n so okùn mọ́, tí wọ́n ń na okùn náà káàkiri láti fa ìlà sára pílásítà tútù. Àwọn ìlà tí wọ́n fi irin họ sínú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

"Àǹtí, ṣebí bí a ṣe ń ta okùn sára pákó nìyẹn," ni àbúrò mi wí.

Mo ní, "Òun náà ni. Ìwọ ń ta á kí ayùn lè mọ ọ̀nà. Òun ta á kí ojú lè mọ̀ ọ́n."

Ní nǹkan bí 1427 ni Masaccio parí rẹ̀. Nígbà tó di 1428, ó ti kú, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òpó, àáṣì tó tẹ̀ bí ọrun láàárín òpó, àti àwọn àpótí òrùlé inú àwòrán náà jọ iṣẹ́ Brunelleschi débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó lọ́wọ́ sí i. Ohun tí mo rò títí mo fi jáde ni pé ara ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ irú yàrá yìí sí, láìsí bíríkì kan. Nígbà tí Leon Battista Alberti wá ya ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Andrea fún ìlú Mantua, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1472, irú òrùlé àgbá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lórí ní tòótọ́. Ayàwòrán ló ṣáájú, ọ̀mọ̀lé ló tẹ̀lé e.

Alberti yìí kan náà ló parí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń wò yìí. Orúkọ Giovanni Rucellai tó náwó sí i wà lókè gàgàrà pẹ̀lú ọdún 1470. Apá ìsàlẹ̀ ti wà kí Alberti tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé tó wà lẹ́yìn náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá ṣe ojú kan tó kó sínú igun mẹ́rin tó dọ́gba, gíga rẹ̀ bá ìbú rẹ̀ mu. Ó fi òkúta mábù méjì tó ká kòǹgbà bo ibi tí òrùlé ẹ̀gbẹ́ ti dà sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ dúró sí gbàgede, ẹ ó rí àwòrán tó pé. Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí bíríkì ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ń bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Òun náà ló kọ ẹ̀kọ́ nípa àwòrán yíyà ní 1435, tó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lédè ìlú wọn jíǹkí Brunelleschi ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ló ti ní kí ayàwòrán mú ojú pátákó bíi fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tó wá ń kọ̀wé lórí ilé kíkọ́, ó pààlà. Ó ní ayàwòrán ló ń fi òjìji àti ìlà tó ń kúrú mú kí nǹkan yọ sójú. Kí ayàwòrán ilé fi púláànù àti ìwọ̀n tó jẹ́ òótọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní kí àwòṣe kékeré tí a fi igi ṣe jẹ́ lásán, kí a má kùn ún, kí a má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, torí ọgbọ́n ẹni tó ronú ilé náà ló yẹ kó yọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kùn ún. Mo ronú kan oníbàárà mi.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀. Florence síbẹ̀

Ẹsẹ̀ mi ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n òní ló dùn jù nínú ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A kọ́kọ́ lọ sí Ospedale degli Innocenti, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn gbé sọnù. Brunelleschi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1419. Àbúrò mi kò lè mára dúró, ó fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Bí òpó kan ṣe jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe jìn wọnú, bẹ́ẹ̀ náà ni òpó fúnra rẹ̀ ṣe ga. Ó dà bí àpótí tó dọ́gba níhà gbogbo, tí wọ́n wá ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tó fi di mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ojú fi tètè ń ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ìkángun kan dé èkejì. Nǹkan tó bá dọ́gba ló ṣeé mọ̀ bó ṣe ń kéré sí i.

San Lorenzo, ṣọ́ọ̀ṣì tí Brunelleschi yà, ló tẹ̀lé e. Ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìlà tó dúdú ló pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìlà wọ̀nyí sì bá ẹsẹ̀ àwọn òpó lọ. Òkúta eérú tí wọ́n ń pè ní pietra serena ni wọ́n fi gbẹ́ òpó, tí wọ́n fi yí àáṣì ká, tí wọ́n fi fa gbogbo ibi tó bá ti ṣe pàtàkì. Ìyókù funfun ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi yẹ́ńsùrù eérú ya ilé sórí bébà funfun, tí bébà náà wá dìde dúró. Ìlà ilẹ̀ ń lọ, ìlà orí òpó ń lọ, ìlà àjà ń lọ, gbogbo wọn forí lé pẹpẹ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo di ojú kan, mo sì rí Masaccio àná. Bíi pé wọ́n yọ yàrá yẹn kúrò lára ògiri, wọ́n ní ká máa rìn nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, òun ló sì mú mi jókòó. Lánàá, nígbà tí mo kúrò lójú ibi tó yẹ, àwòrán náà dé mọ́ mi lójú. Níbí, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó fọ́. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú àwòrán tuntun wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pé. Brunelleschi kọ́ ọgbọ́n lára àwòrán, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gidi ló fi san án. Mo ní kí àbúrò mi wá jókòó tì mí, mo sọ ọ́ fún un báyìí gan-an, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Lọ́sàn-án a sọdá odò Arno lọ sí Santo Spirito, ṣọ́ọ̀ṣì tó yà kẹ́yìn. Ó kú ní 1446, àwọn mìíràn ló parí rẹ̀. Òpó yí ibẹ̀ ká, ó bá ògiri ẹ̀gbẹ́ lọ, ó yí apá ọ̀tún àti apá òsì po, ó yí ìparí náà ká. Nígbà tí mo wo òpin ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí mo ti rò pé ojú máa bá àlàfo àárín kan, òpó ló dúró síbẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni Brunelleschi fẹ́ níwájú, tí kò fi ní sí ìlẹ̀kùn kankan láàárín. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe mẹ́ta. Ẹ wo ẹni tó dá ihò sí pátákó kí ojú lè dúró sójú kan: nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ sópin, ó ń wá ilé tí kò ní ojú kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ wí ju pé mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òpó yẹn, mo sì dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ẹtì. Ojú ọ̀nà

Ọkọ̀ ojú irin dé Bologna, a wọ òmíràn dé Pesaro, a wọ bọ́ọ̀sì gun òkè lọ sí Urbino, torí ọkọ̀ ojú irin kì í débẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́nà. Àbúrò mi ti se jọ́lọ́ọ̀fù sínú kúlà láti Brescia, ìyẹn la jẹ. A sùn kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa.

Ọjọ́ karùn-ún, Àbámẹ́ta. Urbino

Ààfin Federico da Montefeltro, olórí ìlú Urbino láyé ìgbà yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mú ohun kan tí n kò kọ sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá. A yà wo àgbàlá ilé àwọn Medici, ìdílé olówó tó lágbára ní Florence. Àgbàlá tó lẹ́wà ni, àmọ́ òpó kan ṣoṣo ló dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, àáṣì méjì já lé e lórí, àwọn fèrèsé òkè tó wà ní igun sì fún mọ́ra bí èrò inú dáńfó. Ní Urbino, Luciano Laurana, ayàwòrán ilé, rí ìṣòro yìí, ó sì tú u. Ó fi òpó alágbára tó rí bíi lẹ́tà L sí igun, ó jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan dá dúró bí àwòrán tó ní férémù tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ya púláànù rí lè kọjá níbẹ̀ láìrí i. Mo dúró ní igun yẹn fún bíi wákàtí kan, inú mi ń dùn bí ẹni tó bá mọ̀lẹ́bí pàdé lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà la wọ yàrá kékeré tí Federico fi ń kàwé. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti dákẹ́.

Igi ni gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri yàrá náà, igi oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi há ara wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ onípákó híhun ṣí díẹ̀. Ìwé wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fẹ́ já bọ́. Bẹ́ǹṣì wà, ohun èlò orin olókùn wà lórí rẹ̀. Ẹ̀wù irin ogun wà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó ti agbọ̀n èso, lẹ́yìn wọn ni òpó àti àáṣì, lẹ́yìn ìyẹn ni òkè àti omi títí ọ̀nà jíjìn. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù kankan. Kò sí bẹ́ǹṣì. Pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ọdún 1476 wà lára rẹ̀.

Àbúrò mi súnmọ́ ọn tó bí olùṣọ́ ṣe gbà fún un. Ó tẹ̀ ba, ó ń wo ilẹ̀kùn híhun náà láti ẹ̀gbẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Àǹtí, òjìji tí ẹ rí yẹn, wọn ò kùn ún o. Igi tó dúdú jù ú lọ ni wọ́n wá, tí wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí." Ó fi èékánná àtàǹpàkò hàn mí. "Ẹ wo ibi tí ìlà igi yẹn kọjú sí. Tó bá jẹ́ pé ó gbé e dábùú, kò ní ṣiṣẹ́."

Mo sọ fún un pé ní Florence láyé ìgbà yẹn, ọ̀gá perspective ni wọ́n ń pe àwọn oníṣẹ́ igi báyìí. Mo sọ fún un pé Giuliano da Maiano, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pákó, ó wá di ẹni tí wọ́n gbé kàtídírà Faenza lé lọ́wọ́.

"Káfíńtà?"

"Káfíńtà ni."

Kò fèsì. Ó padà sídìí ilẹ̀kùn yẹn.

Nínú ààfin yìí náà ni pátákó gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Pípé wà, ó gùn ju mítà méjì lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yà á dájú. Gbàgede ńlá tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ tẹ́, ààfin lọ́tùn-ún lósì, kànga méjì, ilé róbótó láàárín tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Kò sí èèyàn kan níbẹ̀. Gbogbo ìlà ń lọ sójú ilẹ̀kùn yẹn. Bramante, tí wọ́n bí ní 1444 nítòsí ibí, tó kọ́kọ́ ṣe ayàwòrán, ló wá kọ́ ilé róbótó olópó, Tempietto, sí Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e. Raphael, ọmọ Urbino gan-an, kun ilé ńlá olórùlé àgbá sára ògiri póòpù láàárín 1509 sí 1511. Nígbà tí Bramante kú ní 1514, òun ayàwòrán yìí ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter. Ẹ rí bó ṣe ń lọ: àwòrán ni wọ́n fi ń dánwò ohun tí owó àti òkúta kò tíì ká.

Iṣẹ́ ayàwòrán Piero della Francesca náà wà níbẹ̀, àwòrán kékeré tí wọ́n ti ń na Jésù. Ilẹ̀ inú rẹ̀ péye débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti ya púláànù ilé náà jáde láti inú rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ sínú ìwé mi lálẹ́. Ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ kẹfà, Àìkú

Bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin títí dé Milan. A gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi wú, mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹ́.

Ọjọ́ keje, Ajé. Milan

Santa Maria presso San Satiro. Ìtòsí ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ni, èèyàn lè kọjá láìmọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. A wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wo iwájú: ọ̀nà àárín tó gùn, apá ọ̀tún, apá òsì, lẹ́yìn pẹpẹ sì ni apá kẹrin tó jìn bíi ti wọn, pẹ̀lú òrùlé àgbá àti àwọn àpótí rẹ̀.

Apá kẹrin yẹn kò sí. Òpópónà wà lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ ti tán. Púláànù ṣọ́ọ̀ṣì náà rí bíi lẹ́tà T, ṣùgbọ́n àgbélébùú ni Bramante fẹ́. Ní àwọn ọdún 1480, ó mú amọ̀ sísun àti pílásítà, ó kùn wọ́n, ó sì fi ibi tí jíjìn rẹ̀ kò tó mítà kan ṣe odindi yàrá pẹpẹ. Mo rìn lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Títí dé ìdajì ọ̀nà, mo ṣì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ tí mo yọjú, àwọn òpó náà ti rún mọ́ra bí páálí tí wọ́n jókòó lé. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó tún jìn.

Mo mọ̀ pé Alberti ti pààlà láàárín ayàwòrán àti ayàwòrán ilé, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè dá Bramante lẹ́bi. Ilẹ̀ ló há, àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ ló sì fẹ́ kó ṣí fún. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kò sí yàrá tó ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé inú ẹ̀tàn náà. Gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló fún ní ẹ̀bùn kan náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ilé kan tí mo yà ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àwòrán iwájú rẹ̀ dára gan-an, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí rẹ̀. Balíkónì, òpó mẹ́rin, òdòdó létí géètì. Ẹni tó ni ín rí i, ó sanwó lójú ẹsẹ̀. Ojú géètì yẹn nìkan ni mo fi gbogbo ọkàn rò. Lẹ́yìn tí wọ́n kó wọlé, mo lọ kí wọn. Ìyá àgbà ilé náà ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí fẹ́ǹsì, ó tan iná ní aago méjì ọ̀sán. Mama náà kò bínú, ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi. Ó ń dùn mí títí dòní. Bramante ṣe ibi tí kò sí kó dà bíi pé ó wà. Èmi jẹ́ kí ibi tó wà dà bíi pé kò sí.

Lọ́sàn-án a lọ sí Santa Maria delle Grazie. A kò rí tíkẹ́ẹ̀tì fún Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo yà, a kàn wo ilé olórùlé róbótó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1492 láti ìta. Nínú, lára ògiri yàrá oúnjẹ tí àwòrán náà wà, ihò ìṣó wà lẹ́bàá ojú Jésù, níbi tí Leonardo so okùn rẹ̀ mọ́. Mo ń ronú ìṣó náà bí a ṣe ń rìn padà.

Ọjọ́ kẹjọ, Ìṣẹ́gun. Vicenza

Teatro Olimpico, ilé ìṣeré orí ìtàgé. Andrea Palladio, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òkúta gbígbẹ́, ló yà á. Ó kú ní 1580, ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Vincenzo Scamozzi ló fi àwọn òpópónà igi sí ẹ̀yìn ìtàgé. Ní 1585 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi eré ọba Oedipus ṣí i, ìtàn ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, èyí tí wọ́n gbé wọ aṣọ Yorùbá lórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Ìlú Thebes ni àwọn òpópónà náà dúró fún. Méje ni wọ́n, igi àti pílásítà, ilé lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ wọn ń gòkè, òrùlé wọn ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ilé ń kéré sí i, ojú á sì gbà pé wọ́n lọ jìnnà gan-an. Òṣèré tó bá rìn wọnú wọn jù á di òmìrán tí orí rẹ̀ ga ju fèrèsé òkè lọ.

Mo jókòó sáàárín, mo wo òpópónà ńlá tó wà lójú àáṣì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àbúrò mi ti lọ sí ìkángun, níbi tí mo rò pé kò ní rí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá síbí."

Mo lọ. Níbẹ̀, òpópónà àárín ti fara pamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan mìíràn là gbọrọgbọrọ níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A sún sí ìjókòó mìíràn, òmíràn là. A lọ sókè, a sọ̀ kalẹ̀, a lọ sí ìkángun kejì. Scamozzi ti tò wọ́n kó má sí ìjókòó tí kò ní rí ó kéré tán òpópónà kan. Mo ti ń bá ojú kan ṣoṣo yẹn jà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, láti ẹnu ọ̀nà Florence, ọkùnrin yìí sì ti ka gbogbo ojú tó máa wá, títí kan ti ẹni tó pẹ́ dé tí wọ́n fún ní ìkángun. A jókòó síbẹ̀ títí olùṣọ́ fi fọwọ́ kan aago rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa lọ sí Brescia, mo dá oníbàárà mi lóhùn. Mo ní mo ti gbọ́, màá yà á fún un láti ẹnu géètì bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ iye ẹni tó máa gbé ilé náà fún mi, àti ta ni yàrá ẹ̀yìn máa jẹ́ tirẹ̀. Ó ní èèyàn mẹ́fà, ìyá òun ló máa wà lẹ́yìn.

Mo mú ìwé jáde. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, àbúrò mi bá mi fi ọwọ́ di etí bébà mú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ojú fèrèsé ìyá yẹn.